Fáníìṣì inú ẹ́ńjìnì: ṣé ọ́ìlì lè fọ̀ ọ́ kúrò, àbí ká ra oògùn inú agolo?

Ìbéèrè: Ẹ káàárọ̀ sà. Tíṣà ni mí níbí l'Óṣogbo, Camry Muscle 2008 ni mò ń wà, ẹ́ńjìnì 2.4, tòkunbọ̀ ni mo rà á, ó ti ń lọ sí ọdún mẹ́ta. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mẹkáníìkì mi ṣí tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà, ìdérí orí ẹ́ńjìnì, torí ọ́ìlì ń jò níbẹ̀, ló bá pè mí pé kí n wá wo inú ẹ̀, gbogbo ẹ̀ ti pọ́n bí omi tíì. Ó ní fáníìṣì ni, pé òun máa fi dísẹ́ẹ̀lì lítà 5 fọ̀ ọ́, lẹ́yìn ẹ̀ ká wá da oògùn ẹ́ńjìnì agolo 2 sí i. Ọkọ mi ní rárá, pé kí n ṣáà ra ọ́ìlì olówó ńlá, ọ́ìlì náà á fọ̀ ọ́ fúnra ẹ̀. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀ nínú àwọn méjèèjì? Ó ń mu ọ́ìlì díẹ̀ o, bíi lítà kan kí sẹ́fíìsì míì tó pé.

Ìdáhùn: Ẹ káàárọ̀ Àǹtí, ẹ kú wàhálà àwọn ọmọ. Ká tó sọ nǹkan kan, ẹ pe mẹkáníìkì yín báyìí kí ẹ ní kó gbé dísẹ́ẹ̀lì ẹ̀ sílẹ̀ ná. Kì í ṣe pé mo fẹ́ bá a jà o, èmi náà ti ṣe é rí, màá sọ ohun tójú mi rí nídìí ẹ̀ tó bá yá. Ọ̀rọ̀ ọkọ yín ló súnmọ́ òótọ́ jù, àmọ́ kì í ṣe bí wọ́n ṣe rò ó náà ni, torí kò sí gálọ́ọ̀nù kan tó máa ṣe iṣẹ́ yẹn ní ẹ̀ẹ̀kan, àti pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tẹ́ ẹ rí tó pọ́n lókè yẹn kọ́ ló ń mu yín lọ́ìlì rárá.

Ṣé ẹ mọ agbada àwọn alákàrà? Ẹ wo etí ẹ̀ lókè, níbi tí epo máa ń ta sí tí àkàrà kì í dé. Ẹ máa rí nǹkan kan níbẹ̀ tó pọ́n, tó ń dán, tó lẹ̀ mọ́ irin yẹn pinpin, kànrìnkàn ò ràn án, ọṣẹ ò ràn án, èékánná gan-an á kàn máa yọ̀ lórí ẹ̀ ni. Epo ni o. Epo tó ti gbóná gbóná, tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, tó wá dì di awọ. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ́ńjìnì nìyẹn gẹ́lẹ́. Ọ́ìlì ń ta sí gbogbo ara, ibi tó gbóná jù ni ara písítìn àti ìdí àwọn ríìngì, ìyẹn àwọn òrùka irin tó yí písítìn ká, ibẹ̀ á máa sun díẹ̀díẹ̀, èéfín epo tí kò jó tán náà á máa gba ẹ̀gbẹ́ ríìngì sá wá sísàlẹ̀, á pò mọ́ ọ́ìlì, ọ́ìlì á wá kan. Á kọ́kọ́ ní àwọ̀ oyin, á wá di omi tíì, tí wọn ò bá tètè wá nǹkan ṣe sí i á ṣú bí omi àgbo.

Àmọ́ nǹkan mẹ́ta ni àwa mẹkáníìkì máa ń pa pọ̀ pè ní ìdọ̀tí ẹ́ńjìnì, wọn ò sì jọra rárá. Fáníìṣì lèyí tó fẹ́lẹ́, tó ń dán, tó le. Ẹrẹ̀ ọ́ìlì ni ìkejì, dúdú ni, ó rọ̀ bí àmàlà àná, ẹ lè fìka wa. Ẹ̀kẹta ni èédú tó máa ń dì sí ìdí ríìngì, ìyẹn le bí òkúta. Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù, ẹ ṣí ọmọrí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sínú ẹ̀, ẹ fi èékánná ha ibi tọ́wọ́ yín bá tó. Tí èékánná bá jáde ní mímọ́ tí àwọ̀ yẹn ò sì yẹ̀, fáníìṣì ni. Tí dúdú bá kó sí i, ẹrẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ sì ti yàtọ̀ nìyẹn o. Látinú bẹ́ ẹ ṣe ṣàlàyé ẹ̀, pé ó pọ́n bí omi tíì, mo rò pé fáníìṣì lásán ni tiyín.

Tó bá sì jẹ́ fáníìṣì lásán, ọkàn yín balẹ̀. Fáníìṣì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lábẹ́ kọ́fà, tó wà lára irin tí kò kan nǹkan kan, kì í pa ẹ́ńjìnì. Ọkọ̀ tó ti rin kìlómítà 200,000 tí inú ẹ̀ ṣì funfun bí ìgbà tó ti ilé iṣẹ́ jáde, ẹ ò lè rí i púpọ̀, èmi gan-an tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí fún bí ogún ọdún, mo lè ka iye tí mo rí. Ibi tí fáníìṣì ti ń di wàhálà ni ibi tí àyè ti há: ìdí ríìngì, àti fáàfù kékeré tó ń darí ọ́ìlì lọ sí géàrì kamṣáfíìtì (ọ̀pá tó ń ṣí àwọn fáàfù ẹ́ńjìnì), lára ètò tí Toyota ń pè ní VVT-i. Ọ̀pá inú fáàfù yẹn ò gba gbèrè, asẹ́ kékeré kan tún wà tó ń sẹ́ ọ́ìlì kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, tí fáníìṣì bá mú ọ̀pá yẹn há, iná check engine á tàn, tí wọ́n bá fi sikánà wò ó, á mú P0011 wá. Kọ́ọ̀dù yẹn ti jẹ́ kí àwọn èèyàn ra ṣéènì tuntun tí wọn ò nílò, nígbà tó jẹ́ asẹ́ tó dí ni. Ẹ̀yin ò sọ pé iná kankan tàn, torí náà ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ó yá, ọ́ìlì.

Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì kì í ṣe epo lásán. Ọṣẹ wà níbẹ̀, kálísíọ̀mù tàbí magnésíọ̀mù ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó pa ásíìdì kó má sì jẹ́ kí nǹkan lẹ̀ mọ́ ibi tó gbóná. Àwọn kan tún wà nínú ẹ̀ tó jẹ́ pé alágbàrù ni wọ́n, wọ́n á gbá ìdọ̀tí wẹ́wẹ́ mọ́ra, wọ́n á máa gbé e káàkiri inú ọ́ìlì kó má ráyè jókòó síbì kankan, títí tẹ́ ẹ máa fi tú u dànù. Ìdí nìyẹn tí ọ́ìlì tó dáa fi máa ń dúdú, kì í ṣe pé ó ti bàjẹ́, ẹrù ló rù. Mo ní kọsítọ́mà kan tó máa ń yangàn fún mi pé ọ́ìlì òun kì í dúdú, pé oṣù mẹ́fà ṣì pupa. Ọ́ìlì tí kì í dúdú ní oṣù mẹ́fà, Àǹtí, níbo lẹ rò pé ìdọ̀tí yẹn wà?

Àmọ́ kéèyàn má jẹ́ kí ilé dọ̀tí, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni, kéèyàn fọ ilé tó ti dọ̀tí, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni. Lọ́hùn-ún níbi tí wọ́n ti ń dán ọ́ìlì wò kó tó gba àmì API, ìyẹn àmì ẹgbẹ́ àwọn elépo Amẹ́ríkà tó ń sọ ipò tí ọ́ìlì wà, àyẹ̀wò kan wà tí wọ́n ń pè ní Sequence VH, ẹ́ńjìnì Ford ni wọ́n ń lò, wọ́n á fi ọ́ìlì náà ṣiṣẹ́ fún wákàtí 216, wọ́n á wá tú ẹ́ńjìnì palẹ̀, wọ́n á fún ẹrẹ̀ àti fáníìṣì inú ẹ̀ ní máàkì bí ẹ ṣe ń máàkì ìwé àwọn ọmọ, 10 ni èyí tó mọ́ jù. Ẹ́ńjìnì tó mọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ o! Wọn ò gbé ẹ́ńjìnì tó ti pọ́n bíi tiyín wá kí wọ́n wo bóyá á funfun. Torí náà àmì tó wà lára gálọ́ọ̀nù ń sọ fún yín pé ọ́ìlì yìí ò ní jẹ́ kó dọ̀tí, kò ṣèlérí pé á fọ èyí tó ti wà ńlẹ̀. Ibi tí ọkọ yín ti ṣìnà díẹ̀ nìyẹn, àmọ́ ẹ má sọ fún wọn pé èmi ni mo sọ ọ́.

Ṣé kì í wá fọ nǹkan kan ni? Ó ń fọ̀, díẹ̀díẹ̀. Epo tí wọ́n fi po ọ́ìlì yẹn náà ní ipa tiẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní PAO, tó wà nínú ọ̀pọ̀ ọ́ìlì síńtẹ́tíìkì olówó gọbọi, kì í tètè bàjẹ́ lójú ooru, àmọ́ kò lágbára àtiyọ́ nǹkan tó ti dì. Ẹ́sítà, irú epo míì tí wọ́n máa ń fi po ọ́ìlì, ló mọ̀ ọ́n yọ́, torí ó fẹ́ràn irin, á rá pálá wọ abẹ́ fáníìṣì yẹn, á gba ipò ẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó kàn jẹ́ pé àwọn tó ń po ọ́ìlì kì í fi ẹ́sítà púpọ̀ sí i, owó ẹ̀ wọ́n. Ní 2024 Valvoline gbé ọ́ìlì kan jáde l'Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Restore & Protect, wọ́n dìídì sọ pé ó ń ṣí ìdọ̀tí ara písítìn kúrò, àmọ́ àwọn tó ṣe é pàápàá ò sọ pé ẹ̀ẹ̀kan, wọ́n ní kéèyàn máa lò ó lọ láìdá a dúró ni.

Òṣogbo lẹ wà, ìlú aró, ẹ ti rí èékánná àwọn aláró rí. Kó sọ pé òun fẹ́ lọ síbi ìgbéyàwó lọ́la, kó fi ọṣẹ dúdú fọ ọwọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, búlúù yẹn ò ní kúrò. Àmọ́ kó fi aró sílẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan, kó máa fọ abọ́, kó máa fọ aṣọ bó ṣe ń ṣe lójoojúmọ́, ọjọ́ kan á kàn wo ọwọ́ ẹ̀ tí kò ní rí búlúù mọ́. Bí fáníìṣì ṣe ń lọ nìyẹn.

Mo ti fojú ara mi rí i. Bàbá kan wà tó máa ń gbé Corolla wá láti ọ̀nà Ìlobù, inú tiẹ̀ ju tiyín lọ, ó ti ń lọ sí dúdú. Gbogbo sẹ́fíìsì ni mo máa ń ya fọ́tò inú ibi ìdaọ́ìlì ẹ̀. Sẹ́fíìsì kìíní, kò sí nǹkan kan. Ìkejì, kò sí nǹkan kan, bàbá ti ń wò mí bí ẹni tó gba gbàrọgùdù. Nígbà ìkẹta ni mo rí i pé etí ìdérí kamṣáfíìtì, ibi tí ọ́ìlì ti ń ta dáadáa, ti ń là bí ẹni fi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á. Nígbà tá a fi máa ṣe ìkẹrin, nọ́ńbà tí wọ́n dà mọ́ irin yẹn láti ilé iṣẹ́, mo lè kà á látòkè. Àmọ́ igun tí ọ́ìlì kì í ta dé, ó ṣì pọ́n di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Ibi tí ọ́ìlì bá dé ló ń fọ̀, kò sí bó ṣe lè fọ ibi tí kò dé. Mo fi ayùn irin gé fíltà tá a yọ lẹ́ẹ̀kẹta, mo fa bébà inú ẹ̀ tẹ́ sílẹ̀ lórí pákó, wóróbo dúdú kún ìṣẹ́po ẹ̀, bíi gààrí tó jóná nínú agbada. Ohun tó kúrò lára irin yẹn, ibẹ̀ ló lọ. Ẹni tó bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì tí kò pààrọ̀ fíltà, ó kó ìdọ̀tí látinú yàrá sí pálọ̀ ni.

Kí lẹ máa wò lára gálọ́ọ̀nù? Ẹ yí i sẹ́yìn, ẹ wá lẹ́tà API. SF, ọkọ̀ tí wọ́n ṣe dé 1988 ló wà fún. SJ dé 2001, SL dé 2004, SM dé 2010, SN dé 2020. SP jáde ní 2020, SQ ní 2025, ẹ lè lo àwọn tuntun fún ọkọ̀ àtijọ́, àmọ́ ẹ ò lè yí i po. Tiyín, 2008, kò gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ju SM lọ, tẹ́ ẹ bá rí SP ẹ ra SP. Mo ṣì ń rí 20W-50 (nọ́ńbà yẹn ló ń sọ bí ọ́ìlì ṣe nípọn tó) tó jẹ́ SF lórí àtẹ lónìí tí àwọn èèyàn ń rà fún ọkọ̀ 2010 torí pé "ó nípọn, ó wà fún ilẹ̀ gbígbóná", háà. Toyota ní 5W-20 tàbí 0W-20 ni ẹ́ńjìnì yín ń mu, èmi máa ń fún Muscle tó bá ti ń mu ọ́ìlì ní 5W-30, nínú ooru tiwa yìí kò ní wàhálà kankan. Ó ń gba bíi lítà 4.3, ìdí nìyẹn tí gálọ́ọ̀nù lítà 4 kan ò ṣe ní kún un, àfi kẹ́ ẹ ra lítà kan mọ́ ọn, èyí tó kù lẹ máa fi dí i.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ oògùn inú agolo. Tẹ́ ẹ bá wọ bọ́ọ̀sì ní Old Garage tí ẹni tó ń ta oògùn bá dìde, tó ní ó ń wo jẹ̀dí-jẹ̀dí, ó ń wo lákúrègbé, ó ń wo ojú, ṣé ẹ mọ bó ṣe máa ń rí lára yín? Bẹ́ẹ̀ náà lagolo tó bá ní òun ń fọ ẹ́ńjìnì, òun ń dín epo kù, òun ń dá agbára padà, òun ń pa èéfín. Àmọ́ gbogbo ẹ̀ kọ́ lẹ̀tàn o. Irú kan wà tí wọ́n ń dà sí ọ́ìlì àtijọ́ kí wọ́n tó tú u, ẹ́ńjìnì á ṣiṣẹ́ lójú kan fún ìṣẹ́jú 5 sí 15, bíi ti Liqui Moly ará Jámánì, wọ́n á sì tú gbogbo ẹ̀ dànù. Mọ̀lẹ́bí kẹrosíìnì ló pọ̀ nínú wọn, pẹ̀lú ọṣẹ díẹ̀. Ó lè rọ ẹrẹ̀ tí kò tíì pọ̀, kò lè ṣe nǹkan gidi fún fáníìṣì tó ti gan, torí ìṣẹ́jú 10 kọ́ ló fi dì, ọdún ló fi dì. Ẹni tó bá lò ó kò gbọ́dọ̀ wa ọkọ̀ náà, kò gbọ́dọ̀ tẹ tọ́tù, torí ọ́ìlì inú ẹ̀ ti ṣàn bí omi lásìkò yẹn. Irú kejì lèyí tí wọ́n ń dà sínú ọ́ìlì tuntun tí wọ́n á sì fi rìn títí sẹ́fíìsì míì, èyí tí wọ́n bá fi ẹ́sítà ṣe nínú wọn ń ṣiṣẹ́, wọ́n kàn wọ́n ni, kì í sì í rọrùn láti mọ ojúlówó. Tẹ́ ẹ bá fi owó kan náà ṣe sẹ́fíìsì kan lé e, èrè yẹn pọ̀ jù ú lọ lójú tèmi.

Irú kẹta ni kẹ́ ẹ sá fún. Èyí tó nípọn fàà bí oyin, tí wọ́n á ní ó ń "tọ́jú" ẹ́ńjìnì tó ń rú èéfín. Kò fọ nǹkan kan, ó kàn ń mú ọ́ìlì ki ni, èéfín á dín kù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìyẹn ni wọ́n fi ń ta ọkọ̀ fún aláìmọ̀kan. Àwọn kan tún wà tí wọ́n máa ń da ATF, ọ́ìlì pupa ti jíà yẹn, sínú ẹ́ńjìnì pé ọṣẹ pọ̀ nínú ẹ̀. Irọ́ ni. Ọṣẹ inú ọ́ìlì ẹ́ńjìnì pọ̀ ju tiẹ̀ lọ fíìfíì.

Dísẹ́ẹ̀lì ńkọ́? Ní 2006 mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Abéré gbé Camry tíní-láìtì wá, ẹ́ńjìnì 5S-FE. Ẹ́ńjìnì yẹn àti V6 1MZ-FE ìgbà yẹn, Toyota fúnra wọn ti kọ̀wé sí àwọn tó lé ní mílíọ̀nù 3 l'Amẹ́ríkà ní 2002 lórí ọ̀rọ̀ ẹrẹ̀ ọ́ìlì, wọ́n ní àwọn á máa tún un ṣe títí ọkọ̀ á fi pé ọdún 8. Àwa ò mọ ìyẹn. A ṣí ọmọrí ọ́ìlì, ẹrẹ̀ dúdú bolẹ̀ níbẹ̀, ọ̀gá ní ká da dísẹ́ẹ̀lì lítà 4 sí i, ká jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Nígbà tá a tú u, ohun tó jáde dúdú bí omi aró, gbogbo wa ń pariwo, a ní ẹ ò rí i, ẹ ò rí i! A da ọ́ìlì tuntun sí i, ọkùnrin yẹn sanwó, ó tún fún wa lówó omi. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n wọ́ ọ padà wá láti ọ̀nà Gbọ̀ngán, iná ọ́ìlì ti tàn, ẹ́ńjìnì ti nọ́ọ̀kì. Èmi ni wọ́n ní kí n tú sọ́ọ̀mpù, abọ́ ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì. Ẹrẹ̀ tí dísẹ́ẹ̀lì rọ̀ lápá òkè tí kò lè yọ́ tán, ó ti já bọ́ ní wẹ́lẹ́wẹ̀lẹ̀, ó lọ di ẹnu asẹ́ tí pọ́ọ̀ǹpù fi ń fa ọ́ìlì, mo fi sukurudíráfà wa á jáde bí ẹni ń wa ìdí ìkòkò. Mẹ́tààlì, ìyẹn bẹ́árìn tí ọ̀pá kiránkì ń yí lórí ẹ̀, ti jẹ tán. Owó tí wọ́n gbà wá ná sí i lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀gá mi ló san èyí tó pọ̀ jù, mi ò sì gbàgbé bí ojú wọn ṣe rí.

Tiyín ò ní ẹrẹ̀, ẹ lè ní ìyẹn ò kàn yín. Ó ṣì burú. Dísẹ́ẹ̀lì ò nípọn tó láti gba irin lọ́wọ́ irin, gbogbo ìṣẹ́jú tí ẹ́ńjìnì fi ń yí pẹ̀lú ẹ̀, mẹ́tààlì ló ń jẹ. Bẹ́ ẹ bá sì tú u, kì í jáde tán, á kù sínú ihò tín-ín-rín tí ọ́ìlì ń gbà, á lọ là ọ́ìlì tuntun tẹ́ ẹ fowó rà. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, fáníìṣì yẹn á ṣì wà níbẹ̀ tí á máa wò yín. Kẹrosíìnì náà, ìtàn kan náà ni. Ohun tí mẹkáníìkì yín lè ṣe ni kó fi kẹrosíìnì fọ tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà fúnra ẹ̀ níta, níwọ̀n ìgbà tó ti wà nílẹ̀, kó nù ún gbẹ kó tó dá a padà pẹ̀lú gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun. Kó má fi búrọ́ọ̀ṣì irin ha inú ẹ́ńjìnì o, ohun tó bá há sílẹ̀, sísàlẹ̀ ló ń já sí.

Mo ní ohun tẹ́ ẹ rí lókè lè má jẹ́ òun ló ń mu ọ́ìlì yín. Camry 2007 dé 2009 tó ní ẹ́ńjìnì 2AZ-FE, ìyẹn 2.4 yín yẹn, wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ ọ́ìlì mímu káàkiri ayé. Ihò tí ọ́ìlì ń gbà padà lára písítìn, lábẹ́ ríìngì ìsàlẹ̀, kéré jù, èédú ń dí i, ríìngì á há, ọ́ìlì á ráyè gòkè lọ jó. Toyota fa àtìlẹ́yìn ẹ́ńjìnì yẹn gùn l'Amẹ́ríkà dé ọdún 10 tàbí máìlì 150,000, písítìn àti ríìngì tuntun ni wọ́n ń kó sí i fún àwọn èèyàn, wọn ò pín agolo fún ẹnikẹ́ni. Òṣùwọ̀n tiwọn ni pé tó bá mu kúọ́ọ̀tù kan, tí kò tó lítà kan tán, láàárín máìlì 1,200, ìyẹn bíi kìlómítà 1,900, ó ti kọjá ààlà. Tiyín ń mu lítà kan láàárín sẹ́fíìsì méjì, tó bá jẹ́ kìlómítà 5,000 lẹ fi ń ṣe sẹ́fíìsì, ẹ ò tíì débẹ̀. Ọ́ìlì tó ní ọṣẹ tó dáa lè dá a dúró síbi tó wà, nígbà míì ó tiẹ̀ máa ń dín in kù. Àwọn kan máa ń yọ plọ́ọ̀gì, wọ́n á da oògùn tó ń yọ́ èédú sórí písítìn mọ́jú, wọ́n á fà á jáde, wọ́n á sì yí ẹ́ńjìnì kí wọ́n tó dá plọ́ọ̀gì padà. Mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀kan ló ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹni tó bá gbàgbé tó ta ẹ́ńjìnì pẹ̀lú omi yẹn lórí písítìn tí plọ́ọ̀gì ti wà níbẹ̀, ọ̀pá písítìn á ká kò, torí náà kì í ṣe iṣẹ́ ọmọ iṣẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí mẹkáníìkì yín náwó sí dípò dísẹ́ẹ̀lì ni ohun tó sọ inú ẹ̀ di pípọ́n. Ẹ bi í léèrè pé tẹmosítáàtì, fáàfù tó ń darí omi lọ sí radiétọ̀, wà níbẹ̀ àbí kò sí. Mo ń fi dá yín lójú, nínú ọkọ̀ mẹ́wàá tó ń wọ ṣọ́ọ̀pù mi, ó máa ń ní mélòó kan tí àwa mẹkáníìkì ti yọ tiẹ̀ jù nù, pé ilẹ̀ wa gbóná, òyìnbó ló nílò ẹ̀. Toyota ṣe é kó ṣí ní 82°C torí wọ́n fẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná débẹ̀. Tí kò bá gbóná tó, omi àti epo tó ń kó sínú ọ́ìlì ò ní ráyè gbẹ, wọ́n á jókòó síbẹ̀ máa ba ọ́ìlì jẹ́. Bẹ́ẹ̀ tíṣà ni yín, láti ilé sí ilé ìwé bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ pa á, ní aago méjì ẹ tún ta á, ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìrìn kúkúrú yẹn ń ba ọ́ìlì jẹ́ ju ìrìn Ìbàdàn lọ. Tó bá di Sátidé tẹ́ ẹ bá ní nǹkan ṣe n'Íléṣà, ẹ gbé e lọ, ó ń ṣe é lóore.

Ìkejì ni PCV, fáàfù kékeré tó ń fa èéfín jáde nínú ikùn ẹ́ńjìnì. Owó ẹ̀ ò tó owó agolo kan. Ẹ ní kó yọ ọ́, kó gbọ̀n ọ́n sétí, tó bá ń dún ṣẹkẹṣẹkẹ ó ṣì wà láàyè, tó bá dákẹ́, ẹ ra tuntun. Ìkẹta ni ọ́ìlì ayédèrú, ìyẹn ò ní ìwòsàn, ilé epo ńlá tàbí ọ̀dọ̀ ẹni tẹ́ ẹ mọ̀ ni kẹ́ ẹ ti máa rà á, kẹ́ ẹ sì fi ìṣó lu gálọ́ọ̀nù òfìfo kẹ́ ẹ tó jù ú, torí àwọn kan ń ra òfìfo yẹn kiri, ẹ mọ ohun tí wọ́n ń rọ sínú ẹ̀.

Torí náà, ọ́ìlì tuntun 5W-30 SP, fíltà tuntun, kìlómítà 3,000 lẹ máa fi tú èyí àkọ́kọ́, 3,000 ìkejì, 3,000 ìkẹta, lẹ́yìn náà ẹ padà sí 5,000. Kẹ́ ẹ máa yọ géèjì ọ́ìlì wò láràárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kẹ́ ẹ tó ta ọkọ̀, kí ó má lọ gbẹ mọ́ yín lọ́wọ́. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe sẹ́fíìsì kejì, ẹ ya fọ́tò inú ibi ìdaọ́ìlì yẹn, ojú kan náà ni kẹ́ ẹ máa yà o, kí ẹlòmíì bá yín di tọ́ọ̀ṣì mú látẹ̀gbẹ́, ẹ má lo fíláàṣì fóònù, á sọ gbogbo ẹ̀ di funfun, ẹ ó rò pé ó ti mọ́. Ẹ fi ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú èyí tí mẹkáníìkì yín yà lọ́sẹ̀ tó kọjá.